Kámúṣáàfù Gíga tí Igbákejì Ọ̀gá Yàn

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ júbà ọkùnrin tí kò lè wọ àdúgbò rẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò mọ̀. Ìyìn yẹ ẹni tí ó fi owó oṣù ra ariwo, tí ó so ó mọ́ ìdí máṣìnì rẹ̀, tí ewúrẹ́ fi ń fo gọ́tà bí ó bá ń bọ̀, tí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sùn fi ń ta gìrì. Ọba ń lo kàkàkí kí ará ìlú lè mọ̀ pé òun ti jáde. Ọkùnrin tí mò ń wí yìí kò ní ìlú, kò ní ìjòyè, ilé tí ó ń gbé pàápàá, ó háyà rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ní ẹ́ńjìnnì. Ó ní ìwé-ẹ̀rí mẹ́ta nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí ó ń dún. Ta ni yóò dá a lẹ́bi bí ó bá wá ohun tí yóò dún?

Òórùn kajú ni mo fi ń rántí ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ní Kàbà, mẹkáníìkì kan wà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní ògiri. Igi kajú mẹ́rin ni òrùlé rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kajú bá ń pọ́n, èso á máa já lu páànù tí ó fi bo irinṣẹ́, á fọ́, omi rẹ̀ á dà pọ̀ mọ́ bẹntiróòlù àti ọ́ìlì dúdú tí ilẹ̀ ibẹ̀ ti ń mu láti ọdún pípẹ́. Òórùn dídùn àti òórùn líle á gbá ara wọn mú, orí á máa fọ́ ènìyàn, kò sì ní mọ èyí tí ó fà á. Títí di òní, bí wọ́n bá gbé kajú pípọ́n kọjá níwájú mi, kí n tó mọ̀, mo ti ń tẹ́tí sí ọ̀nà bóyá máṣìnì kan ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ń pe alùpùpù lọ́dọ̀ wa, bí àwọn ará Òkè Ọya ti ń pè é, nítorí ìjọba kó wa pọ̀ mọ́ wọn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi mú lára ọ̀rọ̀ wọn bọ̀.

Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé wa ni ó mú mi lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì náà. Abúlé kan ní ọ̀nà Bùnú ni wọ́n gbé àwa méjèèjì lọ kọ́ni, Kàbà ni a sì ń gbé. Máṣìnì rẹ̀ ni a jọ ń gùn lọ, tí a jọ ń gùn bọ̀. Ní agbedeméjì ọ̀nà, òkè kan wà. Ọ̀dà ojú títì ti bó níbẹ̀, igbó sún mọ́ ọ̀nà ní ọ̀tún àti ní òsì, ènìyàn kò sì lè sáré, àfi kí ó máa rá gòkè bí ìgbín. Ibẹ̀ ni àwọn ajínigbé ti gbé ọkùnrin kan tí ó ń ra kajú lọ́wọ́ àgbẹ̀, tí wọn kò tíì rí i títí di ìgbà náà. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti lè jẹun àárọ̀ mọ́. Bàbá mi jẹ́ onígbàgbọ́, ìyá mi jẹ́ mùsùlùmí, mo sì wá rí èrè ilé aláwọ̀ méjì: Sáàmù ni mo ń kà gòkè, Fátíhà ni mo ń kà sọ̀kalẹ̀. Mo máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tí ń gbé ìgò omi àdúrà káàkiri. Ìgò méjì ni ó wà nínú báàgì mi.

Igbákejì kò gbà pé ẹ̀rù ń ba òun. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ọmọ Ìyàgbà ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń kí ènìyàn, òun ni ó fi ń bínú, mo sì gbọ́ ọ rí tí ó fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ adìyẹ kan pé kí ó kúrò lọ́nà. Ní òròòwúrọ̀ a máa yí tai rẹ̀ sẹ́yìn ọrùn kí afẹ́fẹ́ má baà fi gbá a lójú. Ó ti wo fídíò lórí fóònù fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, ó wá bá mi ní ọ́fíìsì, ó ti ilẹ̀kùn.

"Eré ni ọ̀rọ̀ yìí," ó ní. "Tí máṣìnì wa bá yára ju ti àwọn ajínigbé yẹn lọ, ó parí nìyẹn. Kámúṣáàfù la máa pààrọ̀."

Mo ní, "Kí ni ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ó wò mí bí ẹni tí ó ti ń dúró kí wọ́n bi í.

Mẹkáníìkì náà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi kí ó yé mi. Ọmọ Ìsánlú ni, àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ẹni tí ó ń fi etí ọ̀tún nìkan gbọ́ ẹ́ńjìnnì nítorí pé ti òsì ti di. Ó tẹ́ àpò ajílẹ̀ sílẹ̀, ó to ọ̀pá irin kúkúrú mẹ́ta sórí rẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní iké méjì lẹ́yìn. Ó ní inú orí ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pá náà ń gbé. Bí ó bá ti ń yí ni iké rẹ̀ ń ti àwọn ìlẹ̀kùn kéékèèké tí ẹ́ńjìnnì fi ń mí, kí afẹ́fẹ́ àti bẹntiróòlù wọlé, kí èéfín jáde. Bí iké bá ṣe ga tó ni ìlẹ̀kùn ń ṣe ṣí tó.

"Èyí ni èyí tó bá máṣìnì yín wá," ó ní, ó gbé àkọ́kọ́ sókè. "Ìmí àgbà ló ń mí. Á gbé yín dé Lọ́kọ́ja, kò ní ráhùn. Èyí tó wà láàrin yìí, iké rẹ̀ ga díẹ̀. Á sáré jù ú lọ, á sì tún lè gòkè. Èyí ni mo máa fún ọmọ mi." Ó fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ẹ̀kẹta, kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú un. "Ìyẹn, àfi tó bá ń sáré ni ara rẹ̀ ń yá. Ẹ ní kó rìn jẹ́jẹ́, á dákú. Àwọn tó ń fi máṣìnì díje ló ni ín."

Ìwọ náà mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kété tí wọ́n dárúkọ ìdíje. Ojú Igbákejì kò kúrò lára ẹ̀kẹta mọ́. Àwọn ọkùnrin bíi mẹ́fà wà lórí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ń dúró de máṣìnì tiwọn, wọ́n sì ti sọ ọ̀rọ̀ náà di tiwọn.

"Ẹ fi gíga sí i jàre!" ni ọ̀kan ké. "Ti àárín yẹn, ti kátíkíìsì ni!"

"Ṣé ilé-ìwé ló ń lọ ni àbí ogun?" ni òmíràn wí.

"Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ ná! Ohun tí a kò tíì gbọ́, báwo la ṣe máa yàn án?"

Bí wọ́n ṣe ń yan kámúṣáàfù ní Kàbà nìyẹn, láìka ohun tí mẹkáníìkì bá wí sí: wọ́n á fi í sí i, wọ́n á gbé máṣìnì dúró lójú kan, wọ́n á yí ọwọ́ iná, àwọn èrò orí bẹ́ǹṣì á sì dìbò. Kò sí òkè lábẹ́ igi kajú. Kò sí ẹrù, kò sí ẹni lẹ́yìn. Igbákejì yíjú sí mi, ó bi mí léèrè ohun tí mo rò. Mo ní kí ó fara balẹ̀ yàn án, ohun tí àwa ọ̀mọ̀wé ń sọ bí a kò bá fẹ́ kí wọ́n dárúkọ wa lẹ́yìn ọ̀la.

Mẹkáníìkì mí kanlẹ̀, ó tú orí ẹ́ńjìnnì. Mo rántí ohun kan tí ó ṣe tí n kò tíì rí irú rẹ̀ rí. Iké gíga máa ń ti ìlẹ̀kùn wọlé jìnnà, ó sì lè lọ kọlu písítìn, irin tó ń lọ sókè sódò nínú ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo rẹ̀ fọ́. Láti mọ àyè tí ó kù láàrin wọn, ó ṣí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó já iyán tútù tó ọmọ ìka, ó fi ọ́ìlì pa á, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí písítìn. Ó dé ẹ́ńjìnnì padà, ó fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún un tú. Ibi tí ìlẹ̀kùn ti tẹ iyán náà ti di pẹlẹbẹ. Ó gé e, ó gbé e sójú oòrùn, ó fi wé ẹ̀yìn ọ̀bẹ.

"Àyè díẹ̀ ló kù," ni ó wí. "Kò ní kọlù ú. Ṣùgbọ́n mo ti sọ tèmi." Ó ju iyán náà sí adìyẹ.

Nígbà tí ó dé e pa, tí ó tẹ kíkì, tí Igbákejì fún un níná, mo fi ọwọ́ di etí. Ohùn máṣìnì àtijọ́ dà bí ìgbà tí àgbà ń wúkọ́ nínú yàrá. Èyí ń bú, ó ń já, ó ń bú, kajú ń já lulẹ̀ lórí igi. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìbò parí.

Fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gbà pé Igbákejì jàre. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, máṣìnì náà ń fò. Bí a bá dé ìdí òkè, ó máa ń fún un níná láti òkèèrè kí ẹ́ńjìnnì má baà rẹlẹ̀, a ó sì gun òkè náà pẹ̀lú ariwo tí ó ń ta padà láti inú igbó bí ẹni pé àwa mẹ́wàá ni. Sáàmù mi kò tilẹ̀ ń dé ẹsẹ kẹta mọ́. Ohun kan tún bẹ̀rẹ̀ tí ó dùn mọ́ Igbákejì nínú: àwọn ènìyàn ń yà fún wa. Àgbẹ̀ tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ a wọ inú koríko. Àwọn obìnrin tó ń bọ̀ láti oko ẹ̀gẹ́ a sọ ẹrù, a kúrò lójú ọ̀nà pátápátá, débi pé a kì í rí wọn mọ́, àfi agbọ̀n wọn.

"O rí i?" Igbákejì á kígbe sí mi lórí ariwo. "Wọ́n ti mọ̀ wá báyìí! Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún wa!"

Ó máa ń gbé ọwọ́ òsì sókè, ó ń juwọ́ sí àwọn agbọ̀n.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ó ṣẹlẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí a ti ṣọ́ àwọn ọmọ nínú ìdánwò tán. Oòrùn ṣì wà lókè dáadáa. A ti fi eré bẹ̀rẹ̀ òkè, a ti gùn ún dé ìdajì, nígbà tí agbo màlúù yọ láti apá òsì, wọ́n ń sọdá ọ̀nà, wọn kò wo ẹnì kankan lójú. Igbákejì tẹ búrèkì. Ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ó gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì lábẹ́ wa, ó dákú, gẹ́gẹ́ bí mẹkáníìkì ti wí. Màlúù kọjá tán, darandaran kọjá pẹ̀lú wọn. Igbákejì tẹ kíkì. Ó tún un tẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tí ó gbóná ti mu bẹntiróòlù yó, kò dáhùn. Mo sọ̀kalẹ̀ láti tì í, ṣùgbọ́n òkè ni, a kò sì lè tì í gòkè kí ó mú iná.

Ṣé o ti gbọ́ bí ibi kan ṣe ń dákẹ́ lẹ́yìn ariwo ńlá? Mo gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń tutù, ká, ká, ká. Mo gbọ́ ẹ̀mí Igbákejì. Òógùn ń ṣàn sí mi lójú, n kò sì lè gbé ọwọ́ nù ún, nítorí mo ti rí i pé koríko tó wà lápá ọ̀tún ń mì, afẹ́fẹ́ kankan kò sì fẹ́. Mo fẹ́ sáré. Mo di ìjókòó máṣìnì mú. Ìrònú tí ó wá sí mi lọ́kàn, ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ni pé Igbákejì sanra jù mí lọ, pé bí wọ́n bá ní kí ẹnì kan ṣíwájú, òun ni wọn yóò mú.

"Ẹ dọ̀bálẹ̀! Ẹ má wo ẹ̀yìn!"

Ọkùnrin mẹ́rin jáde, ìbọn ìbílẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Mo dojú bolẹ̀ lórí òkúta gbígbóná. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí ni bàtà rọ́bà kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ tí ó kún fún erùpẹ̀ oko. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Igbákejì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ẹni tí òun jẹ́. Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ ipò rẹ̀, ó sọ ohun tí ó kà ní yunifásítì, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tó wọ bàtà rọ́bà dá a lóhùn ní Yorùbá. "Ìwọ, sọ èdè tí mo gbọ́. Ọmọ ta ni ọ́? Ilé wo ni wọ́n bí ọ sí?"

Igbákejì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn. Kì í ṣe agídí. Ẹ̀rù ti lé èdè yòókù jáde nínú rẹ̀. Èmi tí mo gbọ́ èdè náà, tí ìlú gbogbo mọ̀ mí sí ẹlẹ́nu, ẹnu mi gbẹ débi pé ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

"Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí a ti ń gbọ́ máṣìnì yìí," ni ọkùnrin náà wí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe àwa ni ó ń bá sọ̀rọ̀. "Irú ohùn yìí gan-an ni ti àwọn tó gbé oníkajú. Bí kì í bá ṣe pé mo ní kí á rí ojú wọn ná, àná là bá ti yìnbọn."

Nígbà náà ni ó wá yé mi pé ọdẹ tí ń ṣọ́ ọ̀nà ni wọ́n, pé àwa ni wọ́n ń ṣọ́. Ìyẹn kò dín ẹ̀rù mi kù. Wọ́n súfèé sínú oko, obìnrin kan jáde wá, ó ń tiro. Wọ́n ní kí ó wò wá bóyá àwa ni.

"Àwọn náà ni!" Ohùn rẹ̀ ga. "Máṣìnì wọn nìyẹn! Àwọn ló ń lé wa kiri lójoojúmọ́!"

Mo gbọ́ tí ẹnì kan fa ìbọn sókè. Mo gbé orí sókè, mo mọ̀ pé wọ́n lè pa mí nítorí rẹ̀, mo sì wo obìnrin náà lójú. Ó wò mí. Ó tẹ̀ síwájú, ó tún wò mí.

"Yéè! Tíṣà àwọn ọmọ wa ni!" Ó di orí mú. "Tíṣà! Ẹ̀yin lẹ ń ṣe wá báyìí?"

Wọ́n ní kí á dìde. Ẹni tó wọ bàtà rọ́bà gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó fa tirẹ̀ sókè. "Okun o, tíṣà," ni ó kí mi jẹ́jẹ́, bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé lọ́jà. Obìnrin náà jókòó sórí òkúta, ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ojúgun rẹ̀ hàn wá. Awọ ibẹ̀ ti bó láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, wọ́n fi ewé àti àkísà dì í. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni," ó ní. "A ti jìnnà sí ọ̀nà. Máṣìnì yìí rí wa, ariwo rẹ̀ sì tún le sí i. Mo sáré, mo jábọ́ sínú kòtò. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn. Ọlọ́run ló ní kí n fi ojú ṣubú."

Igbákejì dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo rí i pẹ̀lú ojú mi: ọkùnrin tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ adìyẹ dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú tai lọ́rùn, ó ń sọ èdè bàbá rẹ̀ ní jákujàku, "Ẹ jọ̀wọ́, ìyá. Ẹ jọ̀wọ́. A ò mọ̀." Ó kó gbogbo owó àpò rẹ̀ fún un. Àwọn ọdẹ bá wa ti máṣìnì dé orí òkè, a sì jẹ́ kí ó yí wálẹ̀ lápá kejì láìtan ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì fi ọ̀pá àárín sí i, kò sì sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀.

Mo ti sọ ìtàn yìí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín sí Igbákejì àti àwọn agbọ̀n tó ń juwọ́ sí. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹ̀rù tí a kò lè gbé, a máa ń wá ẹni tí a ó gbé e lé lórí, àti pé ẹni tó gbé e lé ẹlòmíràn lè máà mọ̀. Wọ́n á ní òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò fi kún un rí. Igbákejì dẹ́rù bà wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí obìnrin náà wí, Igbákejì kò sí ní Kàbà; ìpàdé gbé e lọ sí Lọ́kọ́ja láti àárọ̀, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ máṣìnì sílẹ̀ fún mi. Èmi nìkan ni mo wà lórí rẹ̀. Mo rí àwọn obìnrin náà lókèèrè. Mo rí i tí wọ́n wẹ̀yìn, mo rí ojú wọn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀wọ̀. Fún oṣù méjì gbáko, èmi ni mo ti ń bẹ̀rù lójú ọ̀nà yẹn. Ó dùn mọ́ mi pé ẹlòmíràn ń bẹ̀rù mi. Mo fún máṣìnì náà níná. Bí Igbákejì sì ti dọ̀bálẹ̀ níwájú obìnrin náà lórí òkè, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, n kò sọ̀rọ̀.